Ọ̀kín Ẹ̀yìn Àmì Idẹ Polissena

Asúdẹ ni mí ní Mantua. Mo máa ń fi ìda ya ojú èèyàn, n óò wá fi idẹ rọ ọ́, róbótó bí owó, kí ó tó ọwọ́ í gbá mú. Àwọn ọlọ́lá ìlú wa kì í fẹ́ kí n ya ìyàwó wọn bó ṣe rí. Bí ayaba Róòmù àtijọ́ ni wọ́n ń fẹ́.

Nígbà tí Adájọ́ Aldrovando wá nítorí Polissena ìyàwó rẹ̀, owó Róòmù kan tí wọ́n hú nínú oko ló fà lé mi lọ́wọ́.

"Zanino, bó ṣe rí yìí gan-an ni kí o ṣe é. Tojú tẹ̀yìn."

Ayaba onírun dídì wà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn, ẹyẹ ọ̀kín gbé obìnrin kan fò lọ sókè, ọ̀rọ̀ Látìn sì yí wọn ká. Mi ò gbọ́ Látìn. Mo ní ó ti yé mi.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Polissena wá jókòó fún mi. Ó ti rù hangogo. Láti Àjíǹde, inú ń run ún ṣáá.

"Má ya eegun mi o, Zanino. Bá mi fi ẹran díẹ̀ sí i."

A jọ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí mo gbé àmì idẹ náà dé ilé Adájọ́, wọ́n ń jẹun ọ̀sán. Àwọn àlejò ń gbà á wò, wọ́n ń yìn mí, títí ó fi kan Fadá Ilario, arúgbó tó mọ̀ nípa owó àtijọ́. Ó yí i padà. Ó ka Látìn ẹ̀yìn rẹ̀, ó kọjú sí mi.

"Ta ló ní kí o ṣe èyí?"

"Ohun tó wà lára owó tí Adájọ́ fún mi ni, Fadá."

"Yéè! Ìyàwó tó ti kú ni wọ́n ń ṣe èyí fún! Ẹ̀mí rẹ̀ ni ọ̀kín ń gbé lọ yẹn!"

"Èmi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ o," ni Aldrovando wí. Bẹ́ẹ̀, òun ló ń túmọ̀ Látìn fún gbogbo ìlú.

Polissena ò sunkún. Ó gbé ife wáìnì tí ọkọ rẹ̀ máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ po egbòogi sí fún un láti Àjíǹde, ó gbé e ka iwájú ọkọ náà.

"Olówó orí mi, ẹ bá mi mu ún."

"Oògùn rẹ mà ni."

"Ẹ fẹnu kàn án lásán."

Kò kàn án. Òógùn bò ó.

Kí oòrùn tó wọ̀, Polissena ti gun ìbaaka lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Verona. Kó tó di ìgbà ìkórè àjàrà, inú rírun náà ti lọ. Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ Aldrovando, wọ́n sì lé e nílùú. Èmi náà, láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá gbé owó àtijọ́ wá bá mi, Fadá Ilario ni mo máa ń kọ́kọ́ fi hàn.