Omi Dúdú Ni Ìgbà Ọ̀pọ̀lọ́

Nígbà ooru ni rọpárọsẹ̀ mú mi ní apá ọ̀tún. Mo ń mu fùrá lọ́wọ́ ni igbá já bọ́. Mo wo igbá nílẹ̀, mo wo ọwọ́. Ọwọ́ ò gbọ́ tèmi mọ́.

Wọ́n tọ́jú mi. Ẹsẹ̀ padà bọ̀ sípò. Ẹnu padà. Ọwọ́ ló ń fà sẹ́yìn.

Jùnáídù ni àkọ́bí mi. Bobiel ló ń gbé, àdúgbò mìíràn ní Niamey níbí, òun ló sì jókòó sí ìsọ̀ aṣọ wa ní Grand Marché, ọjà ńlá ìlú, báyìí. Ó wá sí ilé mi ní Yantala lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó jókòó, ó ń yí fìlà lọ́wọ́.

"Bàbá, a ti bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ ní Ìlọrin. Yàrá yín ti wà nílẹ̀. Ẹ máa lọ sinmi."

"Ta ló sọ pé ó rẹ̀ mí?"

"Ọwọ́ yín ni, Bàbá. Ẹ ò lè gé aṣọ. Ẹ ò lè pẹja. Kí ló kù tí ẹ fẹ́ máa ṣe níbí?"

Ìlọrin ni wọ́n bí mi. Mi ò kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń pe orúkọ mi níbẹ̀ ti wà lábẹ́ ilẹ̀. Odò tó wà lẹ́yìn ilé mi ní Yantala ni mò ń jí rí láràárọ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ gbó sí.

"Bí mo bá fi ọwọ́ ọ̀tún yìí fa kapitéènì jáde ńkọ́?"

Kapitéènì ni ẹja tí àwọn Haúsá ń pè ní gíwan rúwà, erin inú omi. Kì í ṣe ẹja aláìsàn.

Jùnáídù rẹ́rìn-ín. "Bí ẹ bá fà á jáde, ẹ̀yin nìkan, tí ẹnikẹ́ni ò bá yín fọwọ́ kàn án, mi ò ní dárúkọ Ìlọrin mọ́."

"Títí di ìgbà wo?"

"Kí òjò tó dáwọ́ dúró."

"Rárá. Kì í ṣe ìgbà òjò."

"Bàbá! Ṣebí ọ̀pọ̀lọ́ rọ́bà yẹn lẹ fi ń pẹja? Ṣebí ìgbà òjò ni ọ̀pọ̀lọ́ ń ké? Ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Mọ́rìlíátù, ìyàwó mi, ń ṣa òkúta inú ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Jùnáídù, ìgbà wo lo pẹja gbẹ̀yìn?"

"Ìyá, mi ò pẹja rí."

"Ẹn-ẹ́n. Jẹ́ kí ẹni tó ń pa á dá ìgbà."

A fẹnu kò sí i pé kí n pa á kí omi ọdún náà tó fà tán kúrò nínú koríko.

Láàárín ohun ìṣeré ọmọdé ni mo ti rí ọ̀pọ̀lọ́ rọ́bà náà ní Grand Marché. Ẹni tó ń tà á ò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ ṣófo, ó ń léfòó. Ìwọ̀ méjì sùn mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí náà koríko kì í kọ́ ọ. Bí ẹja bá gé e mọ́ ẹnu, rọ́bà á tẹ̀ wọlé, ìwọ̀ á yọ síta.

Mo yọ ìwọ̀ rẹ̀, mo so ó mọ́ okùn ọ̀pá ìpẹja mi, mo ń fi ọwọ́ ọ̀tún jù ú káàkiri àgbàlá. Níbẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ ara mi ló ń bọ́ sí. Nígbà tó yá, ó ń dé ìdí ìkòkò omi. Lọ́jọ́ kan ó dé ẹnu ọ̀nà, àkùkọ aládùúgbò sì gbé e, ó sáré.

"Bàbá Jùnáídù!" Mọ́rìlíátù pariwo. "Ẹ ti rí ẹran! Ẹ fà á o!"

Mo fà á. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọwọ́ náà tún fa ohun alààyè.

Òjò dé. Omi pupa wọ odò. Jùnáídù fúnra rẹ̀ ló wá mú mi lọ, ó ní ká dán an wò. Ìdírísù ló gbé wa sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yà Zarma tó ni ilẹ̀ ibẹ̀ ni, ọmọ apẹja, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí irùngbọ̀n àwa méjèèjì ṣì dúdú. Haúsá la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀.

Omi náà dà bí ẹrẹ̀ tí wọ́n pò láti fi mọlé. Ọ̀pọ̀lọ́ gidi ń ké káàkiri. Mo ju tèmi títí èjìká fi ń ro mí. Ẹja kankan ò yíjú.

"Alhaji," Ìdírísù wí, "ta ló máa fi ẹran sílẹ̀ jẹ rọ́bà? Ẹja tí ò tiẹ̀ rí imú ara rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ yìí."

Jùnáídù wò mí. "Bàbá, ẹ ò rí i bí?"

"Mo rí i. Mo ti sọ fún ọ."

Ó rò pé àwáwí ni. Ní Ìlọrin, bí òjò bá ti tán, omi a máa fà. Ohun tí mo gbọ́n bá nìyẹn, ohun tó gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà wa nìyẹn. Niamey la bí i sí, ṣùgbọ́n inú ìsọ̀ ló ti dàgbà. Ọjà ló ń wò, kì í wo odò.

Odò yìí ní omi méjì. Omi pupa ń bá òjò wá. Omi dúdú ń ti òkè Málì bọ̀. Ó ń pẹ́ lọ́nà. Inú ọyẹ́ ló ń dé, nígbà tí ojú ọ̀run ti gbẹ pátápátá. Omi tó mọ́ ni. Òun ló ń bo búrúgù, koríko odò tí wọ́n ń gé fún màlúù.

Ọyẹ́ dé. Omi dúdú gòkè. Jùnáídù tún wá.

"Bàbá, omi yín ti dé. Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Kò tíì yá."

"Kí ló tún kù?"

"Omi tutù. Ẹja wà nísàlẹ̀. Kì í gòkè wá jẹ ohun tó wà lójú omi."

"Òjò, rárá. Ọyẹ́, rárá. Ṣé ọ̀pọ̀lọ́ yín ń gba ààwẹ̀ ni?"

Mọ́rìlíátù rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ẹ̀rín fẹ́ pa èmi náà. Mo gbé e mì.

Mo dúró. Láràárọ̀, mo ń ti ọwọ́ bọ omi. Lọ́sàn-án, mo ń ju ọ̀pọ̀lọ́ nínú àgbàlá. Nígbà tó yá, ọyẹ́ ká ẹrù rẹ̀. Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í mú, omi sì ṣì ga. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òtútù omi ò ta mí lọ́wọ́ mọ́. Létí búrúgù, mo rí ẹja wẹ́wẹ́ tó ń fò. Nǹkan ń lé wọn.

Ìgbà náà kì í pẹ́. Bí omi bá fà, búrúgù á gbẹ, màlúù á wọ inú rẹ̀, ẹja ńlá á padà sínú ibú. Ọ̀pọ̀lọ́ ò ní iṣẹ́ kankan lẹ́yìn ìyẹn.

Mo ránṣẹ́ sí Bobiel. "Máa bọ̀. Ó ti yá."

Lẹ́yìn ìrun alásárì la wọ ọkọ̀. Ìdírísù ń fi ọ̀pá tì wá lọ jẹ́jẹ́.

"Alhaji, ẹja Niamey ò gbọ́ Yorùbá o. Zarma ni kí o bá a sọ."

"Ebi gbọ́ gbogbo èdè."

Mo jù ú sórí koríko. Mo fà á díẹ̀, ó bọ́ sí ojú omi kékeré kan láàárín búrúgù àti òṣíbàtà. Mo jẹ́ kó sinmi. Mo mi ọrùn ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀lọ́ mira.

Omi bú bí ìgbà tí òkúta já sí kànga. Ọ̀pọ̀lọ́ pòórá.

"Ẹ fà á!" Jùnáídù kígbe. "Bàbá, ẹ fà á, ẹ fà á!"

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù ẹja nìyí. Bí o bá fà á lójú ẹsẹ̀, wàá já ọ̀pọ̀lọ́ kúrò lẹ́nu ẹja. Jẹ́ kó panu dé, kó yí padà. Bismillah ni mo fi ń wọn ìgbà yẹn. Mo máa ń kà á tán.

"Bismillahi Rahmani Rahim."

Okùn rìn sí ẹ̀gbẹ́. Mo fà á.

Ọ̀pá tẹ̀ títí orí rẹ̀ fi kan omi. Ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹja náà fẹ́ wọ inú koríko. Bó bá wọ̀ ọ́, ó parí. Ìka ọwọ́ mi tó kéré jù ló kọ́kọ́ kú, èyí tó tẹ̀ lé e náà kú. Mo fi ìdí ọ̀pá ti ikùn. Jùnáídù dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Má fọwọ́ kàn án!" Èmi àti Ìdírísù la jọ sọ ọ́.

"Bàbá, ó ń bọ́ lọ́wọ́ yín!"

"Jókòó."

Ọmọ mi wò mí. Ọ̀pá náà ò jìnnà sí i. Bó bá fi ìka kan kàn án lásán, Ìlọrin ni mò ń lọ. Ó mọ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀. Ó ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn.

"Ẹ má fi sílẹ̀, Bàbá." Ohùn rẹ̀ ti yí. "Ẹ má fi sílẹ̀. Ẹja yín ni. Ẹ fà á!"

Mo ká okùn. Ó gbà á padà. Mo tún ká a. Ó fò sókè, ó gbọn orí, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná. Ó balẹ̀. Ìwọ̀ ò tú. Lẹ́yìn ìyẹn, orí rẹ̀ yí sọ́dọ̀ mi, mo sì mọ̀ pé tèmi ni.

Ìdírísù fẹ́ fi àwọ̀n gbé e. Mo kọ̀. Mo ki ọwọ́ ọ̀tún bọ ẹnu rẹ̀, mo di àgbọ̀n ìsàlẹ̀ mú, mo wọ́ ọ sínú ọkọ̀. Ó gùn láti ìbàdí mi dé kókósẹ̀.

"Fófò, Alhaji! Fófò!" Bí Zarma ṣe ń kí èèyàn kú iṣẹ́ nìyẹn. Àwọn tó ń fọṣọ létí odò gbọ́, wọ́n dìde, wọ́n gbà á lẹ́nu Ìdírísù. Wọ́n ń pè é títí a fi gúnlẹ̀.

Jùnáídù gbé ẹja lé èjìká. Jálámíà funfun rẹ̀ bà jẹ́, kò wò ó. Kò gba ẹ̀yìnkùlé. Àárín ìgboro Yantala ló gbà.

"Bàbá mi ló pa á! Ọwọ́ ọ̀tún ni!"

Ẹni tó béèrè, ó sọ fún un. Ẹni tí ò béèrè, ó dá a dúró, ó sọ fún òun náà. Mò ń bọ̀ lẹ́yìn, mi ò yára.

Mọ́rìlíátù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ẹja. Ó wo ọwọ́ mi.

"Mo mọ ẹni tí mo fẹ́," ó wí, ó sì lọ gbé ọ̀bẹ.

A ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí fóònù Jùnáídù dún. Ará ilé ni, láti Ìlọrin. Ó ń béèrè ìgbà tí mò ń bọ̀. Jùnáídù fọwọ́ bo fóònù.

"Bàbá, kí ni kí n sọ fún wọn?"

Egungun wà lẹ́nu mi. Mo yọ ọ́.

"Ní kí wọ́n máa bọ̀ wá jẹ ẹja."