Olè Kejì

Àìsàn ẹ̀dọ̀ ló dá Ọládòṣù wólẹ̀ lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń wa tírélà ní Àpápá. Nígbà tí ilé ìwòsàn ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Tàwàkálítù, ìyá Suwaibat, ló gbà á sí yàrá kan ṣoṣo tó ní ní Ajégúnlẹ̀. Ìyàwó Ọládòṣù ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì tó tẹ̀lé ìyàwó náà wọ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́, pẹ̀lú Bíbélì Yorùbá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Mùsùlùmí ni Tàwàkálítù. Kò bá a jà lórí ẹ̀sìn rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan, Ọládòṣù ní, "Àǹtí, ẹ jókòó. Ṣé ẹ rántí Lucky?"

Ó rántí. Awakọ̀ ni Lucky náà, ibì kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní Creek Road. Àwọn olè dá a lọ́nà nítòsí èbúté Tin Can, wọ́n kó ẹrù rẹ̀, wọ́n sì lù ú pa.

"Èmi ni mo sọ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ fún àwọn olè náà. Wọ́n ní àwọn ò ní fọwọ́ kàn án." Ó mí díẹ̀. "Mo wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀."

Ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ tó ti wú ni Tàwàkálítù ń wò.

"Pásítọ̀ sọ nígbà kan pé olè kan wà tí wọ́n kàn mọ́gi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jésù, pé ó bẹ Jésù, Jésù sì ní àwọn á jọ wà ní Párádísè lọ́jọ́ náà gan-an. Ojú mi ò ríwèé kà mọ́. Ẹ bá mi wá a."

Tàwàkálítù ṣí ìwé Mátíù, torí òun ló ṣáájú nínú àwọn ìwé ìtàn Jésù, ó sì kà á títí ó fi débi ikú Jésù. Olè méjì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ńṣe làwọn méjèèjì ń bú Jésù bí àwọn èèyàn tó kù. Kò rí ẹ̀bẹ̀ kankan.

"Àwọn méjèèjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́."

"Ẹ wo Máàkù."

Bákan náà ni ti Máàkù. Ọládòṣù kọjú sí ògiri, kò sì fẹnu kan nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, Tàwàkálítù béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ olè tó bẹ Jésù wà lọ́wọ́ Oghogho, Kírísítẹ́nì kan tó ń se oúnjẹ nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ ti ń fọṣọ ní GRA.

"Lúùkù ni, Ìyá Suwaibat. Lúùkù nìkan ló sọ ọ́."

"Kí ló wá dé tí Mátíù àti Máàkù fi ní àwọn olè méjèèjì jọ ń bú u ni?"

Oghogho ní, "Mi ò ronú kàn án rí, mà."

Tàwàkálítù gbàyè, ó lọ sílé, ó ka ti Lúùkù fún Ọládòṣù. Olè kan bá èkejì rẹ̀ wí, ó ní ìyà náà tọ́ sáwọn, ó sì bẹ Jésù kó rántí òun. Jésù gbà.

Ọládòṣù ní, "Òǹkọ̀wé méjì ní olè náà bú u, ẹnì kan ní ó bẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, Àǹtí, ta lẹ máa gbà gbọ́?"

"Bóyá ó kọ́kọ́ bú u, kó tó ronú."

"Ṣé wọ́n kọ bẹ́ẹ̀?"

Kò lè purọ́ fún un. "Rárá."

"Èwo nínú àwọn tó kọ ọ́ ló wà níbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Ìwé yín ni." Bó ṣe sọ ọ́ tán ló kábàámọ̀.

Láti ọjọ́ náà, ó ń ka ti Lúùkù fún un láràárọ̀. Ọládòṣù á dijú, kò ní ṣe àmín. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó ní, "Ẹ ka ti Máàkù." Tàwàkálítù kọ́kọ́ kọ̀, ó wá tún kà á. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló kú, nígbà tí Tàwàkálítù lọ pọn omi.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó wá ilé ìyá Lucky lọ. Kò sẹ́ni tó rán an. Màmá náà ń ṣa ẹ̀wà. Tàwàkálítù kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo ohun tí Ọládòṣù ṣe. Ọwọ́ màmá náà kò dúró.

"Mo ti gbọ́," ó wí. "Dìde, kó o máa lọ."