Ìkúnlẹ̀ Fàúsátù Níwájú Ìgbìmọ̀

Ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìbò yan Fàúsátù sí ìgbìmọ̀ ìbáwí, bàbá rẹ̀ ti ìsọ̀ pákó rẹ̀ pa lọ́sàn-án gangan. Àlájì Àdìgún kì í ti ìsọ̀ pa lọ́sàn-án, ìbáà jẹ́ ọjọ́ òjò, nítorí ọdún 1976 la wà yìí, owó epo ti dé, gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀ bíńtín láti Òkòkòmáìkò dé Ìjànìkín ló ń kọ́lé, kò sì sí ẹni tí kì í wá pákó. Ṣùgbọ́n ó ti ìsọ̀ náà pa. Ó ní ọmọ òun obìnrin ń lọ bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó sídìí tábìlì kan náà, kí ẹni tó bá fẹ́ ra pákó padà wá lọ́la.

Ẹ má bá Àlájì wí. Ìwé méjì péré ló kà nílùú Ìsẹ́yìn kó tó di pé wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́, ọmọ rẹ̀ sì wá wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tuntun kan tí wọ́n kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ Ọ̀jọ́. Ilé ẹ̀kọ́ náà kún fún ìgbìmọ̀ ju aláìsàn lọ. Ìgbìmọ̀ oúnjẹ ń bẹ, ti ilé ìkàwé ń bẹ, ti ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ ń bẹ, ti eré bọ́ọ̀lù náà kò gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìbáwí ni baba gbogbo wọn. Àgbà mẹ́fà ló wà níbẹ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo, Fàúsátù sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n máa yàn sí i.

Kò tíì pé oṣù méjì níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ Ìdòwú fi dé.

Ọmọ Ìbà ni Ìdòwú, ọdún kẹrin ni òun àti Fàúsátù jọ wà. Ní gbogbo ọjọ́rú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin máa ń lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tí ilé ẹ̀kọ́ náà ní ní Ìbà, kí wọ́n lè kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ará ìlú. Dókítà Abọ́lá ló yẹ kó máa wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn, òfin sì ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ bí dókítà kò bá sí nítòsí. Fàúsátù ni akọ̀wé wọn. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé ńlá kan wà, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé, tí oníkálukú máa ń buwọ́ lù nígbà tó bá dé, àti akẹ́kọ̀ọ́ àti dókítà. Ọjọ́rú mẹ́ta léraléra, ibi tó yẹ kí Dókítà Abọ́lá buwọ́ lù ṣófo. Kò sẹ́ni tí kò mọ ibi tí ọkùnrin náà wà: ó ń ṣọ́ àwọn bíríkìlà tó ń kọ́ ilé alájà mẹ́ta rẹ̀.

Ní ọjọ́rú kẹta yìí ni obìnrin kan sáré gbé ọmọ wọlé. Gìrì ti mú ọmọ náà, ojú rẹ̀ ti yí sókè. Wọ́n retí dókítà títí, wọn ò rí i. Ìdòwú wo ọmọ, ó wo ojú ọ̀nà, ó fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, ó gún un. Gìrì lọ, ọmọ yè. Ṣùgbọ́n itan ọmọ náà wú fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, bàbá rẹ̀ sì lọ fẹjọ́ sùn ní ilé ẹ̀kọ́. Ni Dókítà Abọ́lá bá yára kọ̀wé, ó ní yàrá kejì ni òun wà lọ́jọ́ náà, pé Ìdòwú kò wulẹ̀ pe òun. Irọ́ yìí ga ju ilé alájà mẹ́ta rẹ̀ lọ.

Ìdòwú wá bá Fàúsátù lẹ́yìn ilé ìjẹun.

"Mi ò ní kí o bá ẹnikẹ́ni jà nítorí mi," ó ní. "Ìwé yẹn ṣáà ni. Ṣí i síwájú wọn, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i pé kò wá."

"Màá mú un lọ. Fọkàn balẹ̀."

"Màmá mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan o. Tí wọ́n bá lé mi, mi ò mọ ẹnu tí màá fi sọ fún wọn."

"Mo ní kí o fọkàn balẹ̀," ni Fàúsátù wí, ó sì sọ ọ́ látọkàn wá.

Ọ́fíìsì alága, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláwùmí, ni wọ́n ti ń ṣèpàdé, nítorí wọn ò tíì kọ́ yàrá ìpàdé parí. Wọ́n to àga yí tábìlì ńlá rẹ̀ ká. Ẹ̀rọ amúlétutù inú ọ́fíìsì náà tutù débi pé Fàúsátù fi ìborùn rẹ̀ wé ọwọ́. Báàgì rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ìwé náà sì wà nínú báàgì. Dókítà Abọ́lá jókòó ní ọ̀ọ́kán rẹ̀, nítorí ọ̀kan nínú àgbà mẹ́fà náà ni. Ẹlẹ́jọ́ tún jẹ́ adájọ́, ẹ wo ayé. Wọlé tó jẹ́ akọ̀wé ọ́fíìsì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ tó kí ènìyàn jẹ ẹ̀pà tán. Wọ́n ní kí Ìdòwú lọ jókòó sílé fún ọdún méjì. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ẹni tó bá lọ fún ọdún méjì ti lọ nìyẹn, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó ń jẹ ti bọ́.

"Ṣé ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ láti sọ?" Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláwùmí wo yíká, ó wá wo Fàúsátù. "Ọmọ wa ńkọ́?"

Ọwọ́ Fàúsátù ti wà nínú báàgì. Ó ti fọwọ́ kan ẹ̀yìn ìwé náà. Kí ló wá dá a dúró? Ẹ̀kọ́ ilé ni, kì í ṣe ojo. Nínú agboolé wọn, ọmọdé kì í já àgbà nírọ́ láwùjọ. Tí àgbà bá dájọ́, ọmọ á kúnlẹ̀, á dúpẹ́, àwùjọ á tú ká. Lẹ́yìn náà ni ọmọ á wá yọ́ wọ yàrá àgbà náà lọ bẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni ìdájọ́ ti ń rọ̀. Ibẹ̀ ni ogún pàṣán ti ń di márùn-ún, tí "kúrò nílé mi" ti ń di "má dán an wò mọ́." Fàúsátù ti rí i láìmọye ìgbà. Kò fìgbà kan gbà pé ohun tí àgbà sọ ní gbangba ni òpin ọ̀rọ̀.

Ó fi ìwé sílẹ̀ nínú báàgì, ó dìde, ó kúnlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ kú ìrònú, sà. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa."

Bíró Wọlé ń lọ lórí ìwé.

Nígbà tí gbogbo wọn tú ká, ó padà kan ilẹ̀kùn alága. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Fàúsátù kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó ṣí ìwé náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó bọ́ dígí ojú rẹ̀.

"Ta ló tún ti rí ìwé yìí?"

"Àwa akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni, sà."

"O ṣeun tí o kò mú un jáde lójú gbogbo wọn. Àwọn òbí rẹ kọ́ ọ dáadáa. Fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ mi."

Ó na ọwọ́. Fàúsátù fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé náà fún un lórí ìkúnlẹ̀, bí a ṣe ń gbé nǹkan fún àgbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣí dúróà tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fi ìwé náà sí i, ó tì í ní kọ́kọ́rọ́. Inú Fàúsátù dùn nígbà tó gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ náà. Ó rò pé wọ́n ń tọ́jú ẹ̀rí Ìdòwú ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n lẹ ìdájọ́ mọ́ pátákó níwájú ilé ìjẹun. Ọdún méjì náà ló ṣì wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀, wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tó gún régé kọ ọ́ pé aṣojú akẹ́kọ̀ọ́ kúnlẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ fún ìdájọ́ náà. Fàúsátù sáré lọ bá alága.

"Ìwé ti jáde, ọmọ mi," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Ohun tí ìgbìmọ̀ bá ti kọ, ó ti kọ ọ́ nìyẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi mú ìwé wa nígbà náà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìwé wo?"

Fàúsátù dúró níbẹ̀, ó ń wo ihò kọ́kọ́rọ́ dúróà náà. Àṣé ẹ̀bẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀. Àṣé ohun tí wọ́n ń wá lọ́wọ́ òun gan-an ni òun fi ọwọ́ méjèèjì gbé fún wọn.

Kò sí ẹni tó nà án, kò sí ẹni tó bú u. Ṣùgbọ́n tó bá wọ ilé ìjẹun, ọ̀rọ̀ á dákẹ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Ọlọ́pẹ́. Ìdòwú di ẹrù rẹ̀, ó padà sí Ìbà, kò sì bá a sọ ọ̀rọ̀ kan kó tó lọ. Ìyẹn dun Fàúsátù ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí bí ó bá bú òun, òun ì bá rí àyè sọ tẹnu òun.

Ó kọ̀wé pé òun fẹ́ fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀, ó sì kọ́kọ́ mú un lọ fún bàbá rẹ̀. Àlájì ti kun pátákó iwájú ìsọ̀ rẹ̀ lọ́tun, ó kọ BÀBÁ DÓKÍTÀ sí i ní lẹ́tà pupa. Fàúsátù ka ìwé náà fún un, ó sì ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ kí n kó ìtìjú bá ara mi ní Òkòkòmáìkò ni?" ni bàbá rẹ̀ bi í. "Irú ọmọ wo ló ń bá àgbà takú? Dákẹ́, kí o jókòó síbi tí Ọlọ́run gbé ọ sí."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, lẹ́tà ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Nítorí ìwà rere rẹ̀, alága ti fi í sí ìgbìmọ̀ ilé ìkàwé àti ìgbìmọ̀ ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́. Àlájì fi dígí sí lẹ́tà náà, ó gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Mẹ́kà. Àwọn ará àdúgbò ń wá kí wọn kú oríire. Fàúsátù ń dá wọn lóhùn, ó sì ń ṣe é bí ẹni pé wọ́n ń kan pákó yí òun ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹ̀rín. Kò rí ojú ọ̀nà kankan.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, Mọ́nsúrátù, ìyá Ìdòwú, yọ sí wọn nílé Àlájì láti Ìbà. Ó ru àgbọn mẹ́wàá nínú apẹ̀rẹ̀. Eruku pupa ọ̀nà Àgbádárìgì tuntun tí wọ́n ń ṣe ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Fàúsátù jáde pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ó ti múra láti gba èébú. Kàkà bẹ́ẹ̀, obìnrin náà sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú yẹ̀ẹ̀pẹ̀.

"Yéè! Màmá, ẹ dìde! Ẹ má ṣe èyí sí mi!"

"Jẹ́ kí n kúnlẹ̀, dókítà mi. Wọ́n ní nínú gbogbo wọn, ìwọ nìkan lo kúnlẹ̀ nítorí ọmọ mi. Wọ́n ní wọn ì bá lé e pátápátá. Ọlọ́run á kún ọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá bá ni bẹ̀bẹ̀ tí wọn ò gbà, ó ti ṣe é."

Ìdòwú kò ní ọkàn láti sọ òtítọ́ fún ìyá rẹ̀. Fàúsátù náà kò tú àṣírí náà. Ó fa obìnrin náà dìde, ó gba apẹ̀rẹ̀, ó wọ yàrá, ó sì sunkún títí orí fi ń fọ́ ọ. Nínú ẹkún yẹn ló ti rántí ohun kan tó ti rí ní gbogbo ìpàdé tí kò kà sí: kí ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ tuntun, wọ́n gbọ́dọ̀ ka àkọsílẹ̀ ti ìjọsí, kí alága sì bèèrè bóyá ó pé. Ibẹ̀ nìkan ni ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ ti ń ṣí, kì í sì í pẹ́ kó tó padé.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Wọlé ka àkọsílẹ̀, ó kà dé orí ìkúnlẹ̀ àti ọpẹ́.

"Ṣé ohun tí a kọ yìí bá ohun tí a ṣe mu?" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláwùmí bèèrè, ó ti ń ṣí ìwé mìíràn.

Fàúsátù dìde. Orúnkún rẹ̀ fẹ́ wálẹ̀ bí ó ti mọ́ ọn lára láti kékeré, ó sì di etí tábìlì mú. Ó mọ̀ pé ẹjọ́ tó kàn lè jẹ́ tòun.

"Kò bá a mu, sà."

"Kúnlẹ̀ sọ̀rọ̀, ìwọ ọmọ yìí!" ni Dókítà Abọ́lá jágbe.

"Mo ti kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, sà. Òun ni wọ́n kọ sílẹ̀ yẹn." Ó kọjú sí gbogbo wọn. "Ẹ̀yin àgbà ni mo kí, mi ò dúpẹ́ ìdájọ́. Ọjọ́ kẹfà, ọjọ́ kẹtàlá, ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, ọjọ́rú ni gbogbo wọn. Dókítà Abọ́lá ò wá síbi iṣẹ́ ní Ìbà lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ogúnjọ́ yẹn ni Ìdòwú gún ọmọ yẹn lábẹ́rẹ́."

Dókítà Abọ́lá wo alága.

"Ọ̀rọ̀ ńlá lo sọ yìí," ni alága wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀rí rẹ dà?"

"Ó wà nínú dúróà yín, sà. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín. Ẹ̀yin lẹ fi kọ́kọ́rọ́ tì í."

Ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kúrò lórí tábìlì láìrò tẹ́lẹ̀, ó ti lọ bo ihò kọ́kọ́rọ́ náà, gbogbo wọn sì rí i.

Wọlé gbé bíró sókè. "Ṣé kí n kọ ọ́, sà?"

Alága kò gbé ọwọ́ kúrò lórí dúróà.

"Ẹ kọ ọ́, bọ̀dá Wọlé," ni Fàúsátù wí. "Bí ẹ ṣe kọ ti ìjọsí."

Wọlé wo alága, ó wo ọwọ́ tó bo dúróà, ó tẹ orí ba, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Fàúsátù kò jókòó, kò sì kúnlẹ̀, títí bíró náà fi dúró.