Ẹ̀rín Inú Sinimá Ìjọba

Ládépọ̀ ti ka ojú ìwé mẹ́ta, ó ń ka ìkẹrin lọ, maíkì lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí oko kòkó yọ lára aṣọ funfun tí wọ́n fi ń wo sinimá. Kò gbójú sókè. Ó mọ ẹni tó wà níbẹ̀.

Gbọ̀ngàn ilé ìkàwé kan ní Missouri City ni wọ́n wà, ní ọ̀sán Sátidé. Ìtàn sinimá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń ṣe fún odindi oṣù kan, èyí tí wọ́n yà nílùú wọn àti èyí tí wọ́n wá yà nílẹ̀ wa. Jordan, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Houston, ló ń darí ètò. Òun ló rí fíìmù náà gbà, pẹ̀lú ìwé tí ògbufọ̀ máa ń kà sí i. Nígbà tó gbọ́ lẹ́nu Doyinsọ́lá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀rọ sinimá, pé Ládépọ̀ bàbá bàbá rẹ̀ ti ṣe ògbufọ̀ nínú ọkọ̀ sinimá ìjọba rí, kò jẹ́ kí wọ́n sinmi.

"Ẹ kàn máa kà á bí ẹ ṣe ń kà á nígbà yẹn, sir. A máa gba ohùn yín sílẹ̀, museum máa tọ́jú ẹ̀."

Òfin kan ṣoṣo ni ògbufọ̀ ní láyé ọjọ́un: ohun tí òyìnbó bá kọ ni kó sọ. Kò gbọdọ̀ bù mọ́ ọn, kò gbọdọ̀ bù kúrò níbẹ̀. Ládépọ̀ pa á mọ́ fún ọdún méjì, láti abúlé dé abúlé. Ó rò pé òun á lè pa á mọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lára aṣọ, ọkùnrin kan ń fi àdá gé igi kòkó. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín. Ìwé ní: Àgbẹ̀ yìí mọ̀ pé àrùn ti mú igi òun. Tayọ̀tayọ̀ ló fi gé wọn lulẹ̀.

Bàbá Ládépọ̀ ni ọkùnrin náà. Bó bá kà á lónìí, ohùn òun ọmọ rẹ̀ ni yóò máa jẹ́rìí èké mọ́ ọn títí ayé.

Ládépọ̀ ò kà á.

"Grandpa, ìlà kẹfà," Jordan sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó fi ń gbohùn.

"Mo rí i."

Lùkúmọ̀n, tó fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ epo ní Pasadena, wà lẹ́yìn. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, àbí ẹ gbàgbé awò ojú yín sílé ni? Ẹ jẹ́ n wá bá yín kà á!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Lùkúmọ̀n, jókòó." Ládépọ̀ kó ìwé náà sórí àga. "Doyin, pa ohùn òyìnbó yẹn."

"Daddy àgbà, kí n pa fíìmù?"

"Àwòrán ò ṣẹ̀ mí. Ohùn ni kí o pa."

Doyinsọ́lá wo Jordan. Ó wo bàbá bàbá rẹ̀. Ó pa á.

"Olúdọ̀tun ni orúkọ ọkùnrin yìí. Bàbá mi ni."

"Oko tó kángun sí tiwa ni àrùn wà. Ìjọba ní kí wọ́n gé tiwa náà mọ́ ọn. Ọlọ́pàá mẹ́rin dúró níbi tí ẹ̀rọ àwòrán ò dé. Mo wà lẹ́yìn wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n ní kí bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó kọ̀. Wọ́n ní àwọn á gé ti àbúrò rẹ̀ náà. Ó rẹ́rìn-ín."

"Sir, please. Kò sí nínú ìwé. Museum ò ní gbà á."

"Nígbà tí mo dàgbà, mo ka ìwé yẹn ní abúlé mẹ́tàlélógún, torí mo fẹ́ràn iṣẹ́ ìjọba. Mo kà á ní abúlé wa. Iwájú ni bàbá mi jókòó sí. Ó dìde, ó lọ sílé. Títí ó fi kú, kò bi mí léèrè rẹ̀."

"Tí ẹ bá ń bá a lọ, màá pa ẹ̀rọ o."

"Pa á. Ẹnu tèmi ò ní bọ́tìnì."

Jordan pa á.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa tú u lọ jàre!" Lùkúmọ̀n kígbe.

Ládépọ̀ tú u. Ó dárúkọ obìnrin tó ru agbọ̀n, ó dárúkọ ẹni tó ń kó igi jọ, ó sọ ohun tó ṣe olúkúlùkù wọn. Kò jókòó títí fíìmù fi tán.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló ti wọ inú ẹ̀rọ Jordan kó tó pa á. Orúkọ Olúdọ̀tun wà nínú rẹ̀.