Ìlà Kan Lórí Gbogbo Orí

Orí mẹ́sàn-án ló wà lórí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀bù Ìbídùn onídìrí ní Ìkirè, kò sì sí èyí tó ní ara nínú wọn. Àwọn oníbàárà ti fi orí wọn sílẹ̀ fún un, wọ́n ti bá tiwọn lọ. Ara kan lọ sóko, ara kan lọ mú ọmọ nílé ìwé, ara ìyá ọ̀gá iléèwé lọ sí ìpàdé. Ìyẹn ò ya Ìbídùn lẹ́nu. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé ìlà kan péré ló ti dì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Òun náà ló fà á. Bí oníbàárà mẹ́ta bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, onídìrí tó bá gbọ́n kì í sọ pé ọwọ́ òun dí. Yóò ya ìlà kan fún ẹni àkọ́kọ́, yóò dì í, yóò bọ́ sórí ẹnì kejì. Ta ló máa gbé ìlà kan ṣoṣo lórí gba ojú títì kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì? Wọ́n á jókòó. Wọ́n á máa kùn, ṣùgbọ́n wọ́n á jókòó. Ìbídùn mọ ọgbọ́n yìí ju gbogbo onídìrí ìlú lọ, ó sì máa ń fi yangàn.

"Ìbídùn, ebi ń pa mí o," orí kan sọ.

"Ẹ ṣe sùúrù, Mà. Ó máa kàn yín láìpẹ́."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni ṣọ́ọ̀bù náà gùn sí i. Ògiri ẹ̀yìn rọra sún sẹ́yìn, bí ẹni tó ń ṣí àyè fún àlejò, bẹ́ǹṣì tuntun kan sì yọ níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ti sọ pé ó máa kàn yín láìpẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù ń gùn. Kò pẹ́ tí ọ̀nà láti orí àkọ́kọ́ dé orí ìkẹsàn-án fi di ìrìn tó ń mú ènìyàn làágùn. Á dì díẹ̀ níhìn-ín, á rìn, á dì díẹ̀ lọ́hùn-ún. Tó bá fi máa padà dé orí àkọ́kọ́, ìlà tó dì síbẹ̀ á ti tú fúnra rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ rẹ ló ń dirí lónìí, kì í ṣe ọwọ́ rẹ," òòyà onígi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ fún un. Ó sọ ọ́ láìbínú.

Oòrùn jókòó sórí òrùlé ilé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin arúgbó kan ni, ó gbé abọ́ ẹ̀gúsí lé itan, ó ń bó o ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé tó bá bó o tán, á sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀ á sì ṣú. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dẹwọ́.

Ìyá Oníṣùkú ló yọ lẹ́nu ọ̀nà. Òun ni ọ̀gá tó kọ́ Ìbídùn níṣẹ́. Ó ti di ọdún mẹ́fà tó ti kú, Ìbídùn sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín. Ìyá náà wé gèlè, ó wọ sálúbàtà, iyẹ̀pẹ̀ pupa díẹ̀ wà léjìká rẹ̀. Àwọn orí tó wà lórí bẹ́ǹṣì kí i kú ìrìn. Ó dá wọn lóhùn, ó fa àga kan, ó jókòó.

"Mo fẹ́ dirí," ó ní. "Ibi tí mo ń lọ, wọn kì í gba orí játijàti wọlé. Mo sì gbọ́dọ̀ kọjá kílẹ̀ tó ṣú."

Ẹni tó bá fẹ́ dirí, ilẹ̀ ló ń jókòó sí, láàárín orúnkún onídìrí. Ìyá Oníṣùkú sì ti búra nígbà ayé rẹ̀ pé òun ò ní jókòó sáàárín orúnkún ọmọ ìkọ́ṣẹ́ òun láé. Àpómù ló máa ń lọ dirí, lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìbídùn kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin, ó ṣe fíríìdọ̀mù, ó ya ṣọ́ọ̀bù, òkìkí rẹ̀ kàn, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ìyá náà ló wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá lónìí yìí.

Kí ni Ìbídùn ṣe? Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe náà ni. Ó gbé ìkótí, ó sáré lọ bá a. "Ẹ jẹ́ n kàn ya ìlà kan fún yín ná, Ìyá, kí n tó . . ."

Ìyá Oníṣùkú di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ṣé ewúrẹ́ ni mí tó o fẹ́ so mọ́lẹ̀?" ó bi í. "Èmi kọ́ ni mo kọ́ ẹ nírú èyí."

"Ẹ má bínú, Mà."

"Mi ò bínú. Tọ́wọ́ ẹ ò bá dilẹ̀ kí ìyẹn tó bó ẹ̀gúsí ẹ̀ tán, mo mọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Rìsíkà."

Ìyá Rìsíkà kẹ̀! Ìyá Rìsíkà tí irun tó bá dì kì í pé ọjọ́ mẹ́ta tó fi ń tú! Kí ọ̀gá òun ti ọ̀run bọ̀, kí Ìyá Rìsíkà ló máa dì í? Inú bí Ìbídùn, ojú sì tì í. Ẹni tó bá lé eku méjì, òfo ni yóò mú bọ̀. Òun wá lé mẹ́sàn-án.

Ó dúró sójú kan fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó bi orí kọ̀ọ̀kan léèrè ọjọ́ tó fẹ́ fi irun náà jáde. Mẹ́ta ló ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní ìdájí ọ̀la. Àwọn mẹ́fà yòókù ò ní ibi tí wọ́n ń kánjú lọ.

"Ẹ̀yin mẹ́ta, mo máa dì yín tán báyìí," ó ní. "Ẹ̀yin mẹ́fà, ó di ọ̀la."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ó bọ́ sílẹ̀ bí ekùrọ́, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì, gbogbo orí sì fojú bá a lọ.

"Èmi?" orí ìyá ọ̀gá iléèwé ní. "Èmi tí mo ti ń dirí níbí látọjọ́ tó o ti ṣílẹ̀kùn?"

"Ẹ̀yin náà ni, Mà. Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Ẹ̀yin nìkan ni màá gbà láago yẹn."

"Èmi nìkan?"

"Ẹ̀yin nìkan, Mà."

Orí náà rò ó wò. Ara rẹ̀ wọlé, fáìlì ìpàdé ṣì wà lábíyá rẹ̀. Ó gbé orí náà, ó fi í sípò, ó wé ṣìkáàfù lé e. "Aago mẹ́sàn-án o," ó ní, ó sì jáde. Ògiri ẹ̀yìn sún síwájú. Àwọn mẹ́rin mìíràn gba aago tiwọn, wọ́n lọ, ògiri ń sún bọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló fìbínú yí lọ sí ọ̀dọ̀ Ìyá Rìsíkà. Ó dun Ìbídùn, ká má parọ́, ṣùgbọ́n kò sáré tẹ̀ lé e.

Ó jókòó. Ó gbé orí kan sáàárín orúnkún rẹ̀, ó dì í látìbẹ̀rẹ̀ dópin kó tó fọwọ́ kan òmíràn. Irun náà ò tú mọ́. Nígbà tó fi di orí kẹta tán, ṣọ́ọ̀bù ti padà sí bó ṣe wà, ó sì ku ẹ̀gúsí ẹ̀kúnwọ́ kan nínú abọ́ oòrùn.

"Ọwọ́ mi ti dilẹ̀, Ìyá."

Ìyá Oníṣùkú wo bẹ́ǹṣì tó ṣófo. Ó wo ọwọ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀. Ó tú gèlè, irun rẹ̀ funfun nini. Ó di àga mú, ó rọra sọ ara rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín orúnkún Ìbídùn.

Orí Ìbídùn wú. Ó wù ú kó pe gbogbo Ìkirè wá wòran. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ṣùkú ló bẹ̀rẹ̀ sí í dì, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ìlà rẹ̀ sì tọ́ débi pé òun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ọwọ́ ẹ rọ̀," ìyá náà ní.

Nígbà tó di ìlà kẹrin, ọrùn rẹ̀ dẹ̀, orí rẹ̀ fara ti itan Ìbídùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ìbídùn ń dì í lọ. Ẹnì kan kanlẹ̀kùn, ó béèrè bóyá ó ti kan òun.

"Rárá," Ìbídùn dáhùn, kò gbójú sókè.

Nígbà tí Ìbídùn lajú, ilẹ̀ ti mọ́. Orí ibùsùn rẹ̀ ló wà, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ṣì yà síra, itan rẹ̀ òsì sì wúwo. Ó pẹ́ gan-an kó tó gbà láti pa ẹsẹ̀ dé.