Ìdajì Ìwé tí Kò Tíì Dé

Hartwig tẹ aago ẹnu ọ̀nà náà, ó sì yára fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. Ọdún kẹfà nìyí tí kò bá ọkùnrin inú ilé yìí sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ àtẹ̀gùn kan náà ni àwọn méjèèjì ń gùn lójoojúmọ́.

Gernot ṣílẹ̀kùn. Ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú," ni Hartwig wí. "Aago méjì ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún Irmtraud. Ọkàn rẹ̀ ni. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan, Ọ̀gbẹ́ni Lindig."

"Ọ̀gbẹ́ni Lindig! Èmi tí a jọ ń mu bíà! Ó dáa, bi mí."

"Ilva. Ṣé ó jáde lábẹ́ yìnyín?"

Gernot kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ ìwé tó ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ àwọn ìwé ìtàn ńlá onídán wọ̀nyẹn. Bí wọ́n bá sì ń túmọ̀ wọn sí èdè Jámánì, wọ́n á gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì, wọ́n á ta ìdajì kan ní oṣù kẹrin, ó di oṣù kẹwàá kí èkejì tó jáde. Ọdún mọ́kànlá ni Hartwig àti Irmtraud ìyàwó rẹ̀ ti ń kà wọ́n báyìí: òun á ka ojú ewé kan sókè, obìnrin náà á ka èkejì. Wọn kì í yọjú wo iwájú. Ìdajì tó wà lọ́wọ́ wọn parí síbi tí yìnyín adágún ti pa dé mọ́ Ilva, ẹ̀dá inú ìtàn náà, lórí.

Gernot ní tirẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló ń kà. Òun ló dúró nídìí agbá ìdọ̀tí lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, tó ní kí wọ́n má wulẹ̀ fẹ́ràn ọba inú ìtàn náà, ó máa kú. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó bọ́, ó fọ́. Hartwig kò tíì dárí jì í títí di òní.

"Òótọ́ lo fẹ́, àbí ìtùnú?"

"Òótọ́."

"Kò jáde."

Hartwig di férémù ilẹ̀kùn mú. Láàárọ̀, Irmtraud ti fi ọwọ́ tútù dì í mú lórí ibùsùn. "Mi ò lè dúró di oṣù kẹwàá, ìwọ ọkùnrin yìí. Lọ wádìí fún mi. Bí Ilva bá jáde, èmi náà á jáde."

"Purọ́ fún un," ni Gernot wí. "Bó bá padà wálé, kó wá bú mi."

"Èmi kì í purọ́ fún Irmtraud."

"Olórí kunkun! Ṣé o fẹ́ lọ sọ fún un pé Ilva kú ni?"

Gernot wọlé, ó gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù jáde, ó ki bébà bọ̀ ọ́ láàárín. "Ibí ni tiyín parí sí." Ó ṣí i síwájú, ó ṣẹ́ etí ojú ewé kan. "Ibí ló kú sí."

Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú nígbà tí Hartwig dé ilé ìwòsàn. Ètè Irmtraud ti dúdú díẹ̀. Ó rí ìwé náà.

"Ó jáde?"

Hartwig jókòó tì í. Ó ṣí ibi tí bébà wà. "Jẹ́ ká kà á."

"Ìwọ? Gẹ̀ẹ́sì? Èdè Rọ́ṣíà ni wọ́n kọ́ wa nílé ìwé, ìyẹn gan-an o ò gbọ́!"

Ó bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń ka Jámánì ló ṣe kà á, gbogbo lẹ́tà ló pè, bí ẹni ń jẹ òkúta. Irmtraud rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi ké, tí nọ́ọ̀sì yọjú. Lẹ́yìn náà ó fetí sílẹ̀. Kò sí ohun tó yé àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n orúkọ náà ń jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, Ilva, obìnrin náà á sì fún un níka.

"Ó ṣì wà níbẹ̀," ló rọra wí. "Máa kà á lọ."

Ẹ̀rù ń ba Hartwig láti dé ibi etí ìwé tó ṣẹ́, ẹ̀rù sì ń bà á láti dúró. Ojú ewé méjì. Márùn-ún. Mẹ́sàn-án.

"Ìyáàfin Seidel, ó ti tó àkókò o," ni nọ́ọ̀sì wí, ó tú ìjánu táyà ibùsùn.

"Hartwig, ṣé ó ti jáde?"

"A ò tíì débẹ̀."

Wọ́n tì í lọ, ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ pa dé. Hartwig jókòó sórí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ìka wá orúkọ náà lójú ewé tó ṣí sílẹ̀. Ó rí i lórí ìlà tó kẹ́yìn. Kò mọ ohun tí Ilva ń ṣe níbẹ̀, bóyá ó ń lúwẹ̀ẹ́ ni o, bóyá ó ń lu yìnyín. Ó ṣáà ń ṣe nǹkan kan. Ohun tí Gernot sọ, Gernot ló kà á.

Ó fi ìka lé orúkọ náà. Kò ṣí ojú ewé tó kàn.