Ọjọ́ Tí A Fún Oòrùn Ní Àga

Ẹ ti fura. Ẹ ti ń wojú ara yín pé nínú àlá tí mo fẹ́ rọ́ yìí, èmi náà ni n óò jẹ́ alága. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Láti ìgbà tí mo ti ń sùn, n kò tíì lálàá rí tí mo ti ń gbé àga fún ẹlòmíràn. Ibi gbogbo tí oorun bá gbé mi dé, wọn a ti nu àga kan sílẹ̀ dè mí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n rọ́ eléyìí fún yín bó ṣe rí. Oorun mọ́jú òní ló gbé e wá, ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Nínú àlá náà, ó ti di ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ Òkè-Yánrin. Àdúgbò tó wà lẹ́yìn ilé ìlagi ni Òkè-Yánrin, níbi tí eruku pákó ti ń bọ́ sínú ọbẹ̀ bí iyọ̀, tí àwọn ọmọ kéékèèké sì ń wúkọ́ bí arúgbó tó fi tábà dàgbà. Kò sí ilé ìwòsàn níbẹ̀, kò sí omi ẹ̀rọ. Ohun rere kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pápá koríko tó wà lókè, níbi tí atẹ́gùn ti máa ń lé eruku sẹ́yìn. Èmi ni mo dìde ní ìpàdé, tí mo ní kí a kó àwọn ọmọ jọ síbẹ̀, kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù, kí wọ́n máa sáré kí àyà wọn ó là, kí àwọn òbí wọn náà sì rí ibi kan tí wọ́n á ti máa pàdé láìjà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Kí n tó jókòó padà, wọ́n ti sọ mí di alága.

Mo gun àga mi dé pápá. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mo ní mo gùn ún. Àga onírọ̀rí pupa ni, ó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn kẹ́jẹ́kẹ́jẹ́ bí ẹṣin ọba, ó sì ń bá mi kí àwọn èèyàn lọ́tùn-ún lósì. N kò rí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ohun tí mo ń rò ni pé ó yẹ kó tún rọra rìn díẹ̀ sí i, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí iṣẹ́ ọrùn agbádá mi.

Pápá ló kọ́kọ́ kí mi. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ìyá àgbà tó ti tọ́ ọmọ púpọ̀.

"Alága, ẹ káàbọ̀. Àwọn ọmọ mi dà?"

"Àwọn nìyẹn, Màmá."

Mo nawọ́ sí wọn. Wọ́n tò sí etí gọ́tà nínú ẹ̀wù bọ́ọ̀lù tuntun, aláwọ̀ òféèfèé. Ọmọbìnrin tó ń ṣọ́lé fún wọn, Mọ́rẹ̀nikẹ́, ló wà níwájú. Ìbọ̀wọ́ tó wọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi ju orí rẹ̀ lọ.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé wá, kí wọ́n máa sáré," ni Pápá wí. "Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn rí, Alága. Bí oòrùn bá wọ̀ lónìí, tí ẹsẹ̀ ọmọ kan kò tẹ̀ mí, mò ń kó lọ. Àdúgbò tó ń wá pápá pọ̀."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. A kàn fẹ́ kí àwọn ẹni ńlá tòyètòyè ni. Kò ní pẹ́ rárá."

Pápá mí kanlẹ̀. Gbogbo koríko tẹ̀, wọ́n tún dìde.

Máìkì ló ń darí ètò. Ẹnikẹ́ni kò dì í mú, ó dá dúró lórí ẹsẹ̀ irin rẹ̀, ó sì tún ọ̀fun ṣe. "Hẹlò, hẹlò! Ṣé ẹ ń gbọ́ mi lẹ́yìn lọ́hùn-ún? Ẹ jẹ́ kí n pe bàbá wa, ẹni iyì, ẹni ẹ̀yẹ, òpó tó gbé ìlú ró, Olóyè Ajíbógundé, kí wọ́n máa bọ̀ lórí tábìlì gíga!"

Ẹ mọ bí ẹni ńlá ṣe ń dìde tí wọ́n bá pè é. Olóyè kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó wẹ̀yìn wò bóyá Ajíbógundé mìíràn wà níbẹ̀. Ó ká agbádá sí èjìká ọ̀tún, ó ká a sí ti òsì, kó tó wá rọra máa bọ̀. Bó ṣe jókòó báyìí, tábìlì gíga náà nà bí ológbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ó sì wọ inú pápá díẹ̀.

Máìkì yíjú sí mi. "Alága, a ṣì ní ẹnì kan. Bí a kò bá pè é, yóò fi ìbínú lọ."

Mo ní kó pè é. Ó pe alága àwọn onílé. Tábìlì tún nà. Ó pe ìyàwó alága àwọn onílé, ó pe ẹni tó gbé e wá nínú mọ́tò. A pe ẹni tó ni ilé ìlagi. Òkìtì eruku pákó rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ajá, a sì fún òun náà ní àga, nítorí ọ̀wọ̀ ni. Tábìlì ti kọjá àárín pápá.

"Bàbá," Mọ́rẹ̀nikẹ́ ké láti etí gọ́tà, "ṣé ká máa bọ̀?"

"Ó ku díẹ̀, ọmọ mi. Ẹ dúró dáadáa lórí ìlà. Ẹ má ba aṣọ yẹn jẹ́."

Ibẹ̀ la wà tí òjìji ńlá kan bò wá. Mo gbójú sókè. Ọ́fíìsì eré ìdárayá ni, odindi ilé pẹ̀lú fèrèsé àti fáànù, ó ń léfòó lójú ọ̀run bí ewé lójú odò. Akọ̀wé kan yọrí lójú fèrèsé, ó ti fa ojú ro.

"Gbogbo ayé lẹ pè, ẹ ò pe ọ́fíìsì!"

"Ẹ má bínú, sà. A ò mọ̀ pé ẹ wà lókè ni."

"Ìgbà wo la kì í wà lókè?"

Mo rò ó wò, mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Mo ní kí wọ́n fi okùn fa ọ́fíìsì náà wálẹ̀, kí wọ́n so ó mọ́ òpó gólì. Òpó kò gbà á. A fa òpó méjèèjì tu, a fi ti ọ́fíìsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà dà wó. Gólì apá kan lọ nìyẹn. Mo sọ fún ara mi pé ọmọ kékeré ni wọ́n, gólì kan tó wọn.

Àwọn òṣìṣẹ́ ọba sọ̀ kalẹ̀, wọ́n jókòó. Ọ̀gá wọn kọ́kọ́ jẹ òdòdó tó wà lórí tábìlì. A ní kó máa jẹ, ẹni tó rìn jìnnà lebi máa ń pa. Nígbà tí òdòdó tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ koríko. Kí Máìkì tó pè é pé kó wá sọ̀rọ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ti kan àyà, ìwo méjì sì ti gbé fìlà rẹ̀ sókè.

"Lórí ọ̀rọ̀ ìlera àwọn ọ̀dọ́ wa," ni ó wí, "mẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀."

Ó jókòó. Mo pàtẹ́wọ́ gidigidi. Ọ̀rọ̀ náà yé mi ju gbogbo èyí tí mo ti gbọ́ lẹ́nu ọ́fíìsì lọ, kò sì gùn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ náà di ewúrẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ipò wọn ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn. Wọ́n tú ká sórí pápá, wọ́n ń jẹ.

Olóyè Ajíbógundé fẹnu sí mi létí. "Alága, ètò yìí dùn o. Ìgbà wo ni wọ́n máa gbé oúnjẹ jáde?"

"Wọ́n ti ń jẹ ẹ́, sà."

"Alága," ni Pápá wí lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, "wọ́n ń jẹ mí o."

"Ẹ mú un mọ́ra, Màmá. Àlejò ni wọ́n."

Nígbà náà ni mo tún wo ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Wọ́n ti ń dàgbà. Kì í ṣe pé wọ́n kàn ga díẹ̀ o. Ọ̀kan ti hu irùngbọ̀n. Ikùn ọ̀kan ti yọ lábẹ́ ẹ̀wù bọ́ọ̀lù, ó dà bí ẹni pọn ìkòkò síwájú. Mọ́rẹ̀nikẹ́ ti pọn ọmọ sẹ́yìn. Ìbọ̀wọ́ aṣọ́lé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti wá bá a mu wẹ́kú. Gbogbo wọn ń wúkọ́, àwọn ọmọ tí mo ní bọ́ọ̀lù yóò là láyà. Ìlà tí a ní kí wọ́n tò, orí ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì wà, ẹnì kan kò kúrò. Ìyẹn ló gún mi lọ́kàn jù. Ọmọ tó bá ṣàìgbọràn, èèyàn lè bá a wí. Kí la fẹ́ sọ fún èyí tó gbọ́ràn títí ewú fi bò ó lórí?

"Bàbá, ṣé ká..." Ikọ́ kò jẹ́ kí Mọ́rẹ̀nikẹ́ sọ ọ́ tán.

Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ń ti alága, orí ìjókòó ló ti máa ń tì í. N kò dìde.

Mo wo òkè. Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé ilé ìlagi. Ìgbà yẹn ni ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn, irú ọgbọ́n tó máa ń sọ sí ẹni tó ti ṣe alága pẹ́. Ta ló sọ pé dandan ni kí oòrùn wọ̀? Ẹni tí a bá yẹ́ sí, kì í kánjú lọ. Mo fẹnu sí Máìkì létí, inú rẹ̀ dùn débi pé ó han gooro.

"Ẹ jẹ́ kí n pe ẹni tó ju ẹni lọ, atànmọ́lẹ̀-fólówó-tàn-fún-tálákà, Oòrùn, kábíyèsí ọ̀sán, kí wọ́n máa bọ̀ lórí tábìlì gíga!"

Oòrùn ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó wẹ̀yìn wò bóyá oòrùn mìíràn wà níbẹ̀. Ó ká agbádá iná rẹ̀ sí èjìká, ó wá ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín àtẹ́wọ́, àwọn ewúrẹ́ yà fún un. Kò sí àga mọ́. Èmi ni mo dìde fún un lórí àga onírọ̀rí pupa mi.

Oòrùn jókòó. Ilẹ̀ ṣú.

"Alága," ni Pápá wí nínú òkùnkùn, "ó tó."

"Màmá, kò wọ̀ o! Ó jókòó ni! Ẹ wò ó níbí, ó ń mu omi."

"Ṣé ẹsẹ̀ ọmọ kan ti tẹ̀ mí?"

Mo kígbe sí àwọn ọmọ. "Ẹ máa bọ̀! Ẹ yára! Ẹsẹ̀ kan péré!" Wọ́n ṣí lórí ìlà, wọ́n ń ṣe kìtìkìtì bọ̀ pẹ̀lú ikùn àti ikọ́ wọn. Ṣùgbọ́n láàárín tábìlì, àga, ọ́fíìsì àti ewúrẹ́, àyè tó kù kò gba ẹní ẹlẹ́nìkan. Mọ́rẹ̀nikẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó wá ibi tí yóò gbé e sí, kò rí, ó dá a padà.

Pápá kò pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ara rẹ̀ láti apá ọ̀hún bí ẹní, ó ń gbọn ewúrẹ́ dànù bó ṣe ń ká a bọ̀. Mo di etí rẹ̀ mú.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ jọ̀wọ́. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn. Orúkọ yín gan-an la ó kọ́kọ́ pè."

"Alága, mi ò bínú. Mi ò ní kẹ́ ẹ pè mí. Mo ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ mí ni."

Ó gba etí rẹ̀ lọ́wọ́ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gbé ara rẹ̀ rù, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Àwọn ọmọ arúgbó wọ̀nyẹn tẹ̀ lé e. Ọmọ ẹ̀yìn Mọ́rẹ̀nikẹ́ nìkan ló bojú wẹ̀yìn wò mí. Tábìlì gíga wá kù lórí òfìfo, àwa náà kù nídìí rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká pàtẹ́wọ́ fún Pápá bí wọ́n ṣe ń lọ!" ni Máìkì wí.

A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ eléyìí tí kò ní ti ẹ̀yin náà lójú bá mi: tèmi ló dún jù, nítorí mo rí ayàwòrán kan tó ń ya wá.

"Bàbá Ìbídùnní!" Ìyàwó mi ló ń gbọ̀n mí. "Ta lẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún láàárọ̀ kùtùkùtù? Ẹ dìde jàre. Òní ni ìfilọ́lẹ̀ yín, agbádá yín ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì."

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń mí gúlegúle. Ohun kan ń dún lára ògiri níta: gbì, gbì. Mo ṣí fèrèsé. Àwọn ọmọ ló ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì, níwájú ilé ìlagi. Eruku pákó bò wọ́n dé ìpéǹpéjú. Ọkọ̀ agégẹdú kan fọn fèrè, wọ́n tú ká, ó kọjá, wọ́n tún padà. Ọmọbìnrin tó ń ṣọ́lé dúró láàárín búlọ́ọ̀kù méjì, ó fi ìbọ̀sẹ̀ bọ ọwọ́ méjèèjì.

Ara mi wálẹ̀. Àlá lásán ni, òwúrọ̀ ṣì ni, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, kò sì sí ọmọ kankan tó hu irùngbọ̀n. Mo fi ohùn alága pè wọ́n.

"Ẹ̀yin ọmọ! Ojú títì lẹ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, nínú eruku báyìí? Ṣé ẹ ò mọ̀ pé a ti ṣe pápá fún yín ni?"

Aṣọ́lé náà kúnlẹ̀ kí mi, ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀, sà. A ti lọ. Àga ti kún ibẹ̀. Wọ́n ní ti àwọn àgbà ni tòní."